Panyin Ni Táíwò, Àbí Kẹ́hìndé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà.

1. Accra ni wọ́n bí Àkànó sí, ọmọ Alata ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ní àdúgbò Adabraka ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ó kọ kíláàsì kan fún ìbejì, ìyẹn mọ́ọ̀dù tí àkọsílẹ̀ gbogbo ìbejì yóò ti máa jáde bíi búlọ́ọ̀kù. Dìfọ́ọ̀tì tó fi sí i, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ yóò gbà bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan mìíràn, ni pé, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Accra, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Panyin, àgbà. Èkejì ni Kakra, àbúrò. Ó kàn án mọ́ ibẹ̀ bí ìṣó. Kò sí ẹni tó lè yí i.

2. Afeefah, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kìlọ̀ fún un. Ó ní kó jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lè yan tiwọn, nítorí nílé Yorùbá, Kẹ́hìndé tó jáde kẹ́yìn ni àgbà. Òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, Accra la wà," ni Àkànó wí. "Ta ló fẹ́ máa yí i?"

Iṣẹ́ kékeré ni o. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó ṣe é.

3. Ìbídùn, àbúrò Àkànó, bí ìbejì. Abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí Kẹ́hìndé rí nílé ìwòsàn mìíràn ní Darkuman. Nígbà tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ nílé ìwòsàn kan tó ń lo ètò Àkànó ní Alajo, nọ́ọ̀sì bi í pé èwo ni abẹ́rẹ́ náà kò bá lára mu, Panyin tàbí Kakra. Ìbídùn fèsì bí wọ́n ṣe tọ́ ọ: "Panyin ni." Kẹ́hìndé ló ní lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì tẹ Panyin. Ẹ̀rọ kọ ìkìlọ̀ náà sórúkọ Táíwò.

4. Ibà mú Kẹ́hìndé, bàbá rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn Alajo náà. Nọ́ọ̀sì mìíràn wo ẹ̀rọ, kò rí ìkìlọ̀ kankan lórúkọ rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́ náà. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, ọmọ ti dákẹ́.

Ó dùn mí láti kọ ọ́.

5. Àkànó wá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. Ìbídùn kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní Panyin. Panyin ta ni ẹ̀rọ yín gbọ́?"

Táíwò jókòó sórí ẹní, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, dìfọ́ọ̀tì kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣeé yí padà, kí ẹ sì bi àwọn tó máa lò ó. Àwọn àgbà kò purọ́: báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.