Ẹ̀bẹ̀ Nílé Aránṣọ

Alágbàfọ̀ ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú pé òun ń bọ̀. Èsì tó rí gbà kò gùn: "Wá lọ́sàn-án. Ìwọ nìkan ni kó o wá."

Nígbà tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ. Ó gbójú sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí eku ti jẹ. Ó ká iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sábẹ́ tábìlì, ó tún fẹsẹ̀ tì í wọlé sí i.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ibẹ̀ yẹn ni àpótí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí àwọn oníbàárà tí kò ní pẹ́ máa ń fìdí lé. Àga onítìmùtìmù méjì ṣófo láàárín yàrá. Alágbàfọ̀ jókòó lórí àpótí. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kì í yan àga.

Ó ti kúrò nínú Agbo fún bí ọdún méjì, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé yìí. Agbo ni wọ́n ń pe ìjọ tó wọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Inú ọgbà olódi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, olórí wọn sì ń jẹ́ Olùṣọ́. Olùṣọ́ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa fẹ́, ohun tí wọ́n máa jẹ, àti ìgbà tí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò bá sí nínú Agbo, òkú ni, a kì í sì í bá òkú jẹ, a kì í bá òkú mu. Alágbàfọ̀ gba gbogbo rẹ̀ mì bí ọmọ tuntun ṣe ń gba ọmú. Lọ́jọ́ tí ìyá wọn ń kú lọ, aránṣọ yìí lọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń pè é, ó ń sunkún. Alágbàfọ̀ yọjú. Ó ní, "Mi ò ní ìyá níta." Ó ti géètì.

Orúkọ rẹ̀ ni ìyá náà ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́.

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ Màmá ni mo..."

"Má fi ẹnu yẹn pe Màmá."

"Ẹ má bínú."

"Ṣé wọ́n lé ọ ni, àbí o sá?"

"Mo sá ni."

"Sọ ọ́ sókè. Ṣé o ò jẹun ni?"

"Mo ní mo sá ni, Àǹtí mi! Irọ́ ni Olùṣọ́ ń pa fún wa. Èèyàn burúkú ni. Ó bayé mi jẹ́."

Ọ̀fun alágbàfọ̀ gbẹ. Aránṣọ rọ omi láti inú ìgò tó wà lórí tábìlì sínú ife, ó mu ún tán, ó da ojú ife dé. Kò fi lọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ wolẹ̀. Ó tọ́ sí mi, ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó wá rí i pé ẹ̀gbọ́n òun, tí kì í dé ojúde láìfi yẹtí sí, kò fi nǹkan kan sétí mọ́, ọrùn rẹ̀ náà sì ṣófo. Ìbànújẹ́ ti sọ obìnrin yìí di ẹlòmíì. Èmi ni mo fà á.

"Gbogbo ohun tó o wàásù fún mi nínú yàrá yìí kó o tó lọ," ni aránṣọ wí, "mi ò gbàgbé ẹyọ kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ gbàgbé ẹ. Wèrè ló ń ṣe mí."

"Wèrè." Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò ju ewúro lọ. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ò sí lára wọn mọ́? Ẹnu lásán ni mò ń gbọ́."

"Tí mo bá ṣì wà lára wọn, ṣé mo máa máa ran àwọn tó fẹ́ sá lọ́wọ́ ni?"

Aránṣọ gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn wo?"

Alágbàfọ̀ ti búra pé òun ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan.

Ohùn aránṣọ rọ̀. "Sọ fún mi, àbúrò mi."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì ni, ẹni tó ń se oúnjẹ wọn. Wọ́n fẹ́ gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀la ló máa kó wọn jáde, tí gbogbo wọn bá wà níbi àdúrà ọ̀sán. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbà, níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Èmi ni mo máa dúró dè wọ́n."

"Ọ̀nà ẹ̀yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde o. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, kò ní fojú kan àwọn ọmọ yẹn mọ́ láyé."

"Mo mọ̀."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́kún. Ó dà bíi pé ẹnì kan bá a sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó yọ́ kúrò lórí àpótí, ó tún kúnlẹ̀. "Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Aránṣọ dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìjẹ́ kí aṣọ rẹ̀ fara kàn án, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ìta, ó ṣí ti yàrá inú, ó sì dojú bolẹ̀ níwájú ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀: "Olùṣọ́, ẹ ti fetí ara yín gbọ́ ọ."