Ìlà Tí Mo Fọwọ́ Kọ

Ilẹ̀ ti ṣú, ọ́fíìsì ti dá páropáro. Èmi Fadérera ń fọwọ́ ṣàtúnṣe kóòdù, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kọ, torí bó bá kọṣẹ́ lọ́la, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi Ṣọlápé, tó ń darí ẹ̀rọ náà, ti búra pé òun ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un kọ, kó má baà pa tèmi rẹ́.

Àṣé irọ́ ni! Àwọn ìlà mi ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù sì ń dún pà-pà-pà ní yàrá iṣẹ́ Ṣọlápé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Mo pè é lórí fóònù. "Ọ̀dàlẹ̀! Fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀!"

"Kíbọ́ọ̀dù wo? Ilé ni mo wà, ẹ̀bà ni mò ń jẹ!"

Pà-pà-pà náà dákẹ́. Ìlà tuntun yọ lójú kọ̀ǹpútà mi:

"Fadérera, jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ jẹun."