Lẹ́ńsì Tó Bá Ojú Ọmọ Mu

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti gbà. Wọn yóò gbé àwòrán ọmọ náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibùdókọ̀ ní gbogbo ìlú ńlá, bí àwòrán náà bá ṣáà ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó forí kanlẹ̀, ó ní Ẹni tó pe òkú jáde nínú ibojì kò ní ṣàìpe ọmọ òun jáde níbi yòówù kó wà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu eékún rẹ̀, ó ní kí ọkọ òun lọ ra ohun tó bá yẹ.

Àdúgbò kò dẹ́kun pípè wọ́n ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù nílé. Èkejì sọnù láàárín èrò ní ibùdókọ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà. Ó ní òun kàn yíjú láti ya àwọn ẹyẹ tó bà sórí òrùlé ni, nígbà tí òun yíjú padà, kò sí ọmọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti dárí jì í. Iṣẹ́ iná ni ọkùnrin náà ń ṣe; fọ́tò yíyà jẹ́ ohun tó fi ń gbafẹ́ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Láti ọjọ́ náà, kò ya ẹyẹ mọ́. Ọmọ tó kù ló ń yà lọ́dọọdún, nítorí àwọn méjèèjì jọra débi pé ìyá wọn pàápàá a máa ṣì wọ́n pè, kí àwọn èèyàn lè mọ bí èyí tó sọnù yóò ti rí báyìí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Kò sẹ́ni tó rí i rí.

Ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà gbé lẹ́ńsì méjì lé orí gíláàsì.

"Ojú èèyàn lẹ fẹ́ yà, àbí ilé?"

"Ojú ọmọ."

"Ẹ gbé èyí tó gùn. Ẹ ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ojú á sì jáde bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kúkúrú yìí, tẹ́ ẹ bá fi sún mọ́ èèyàn, imú á wú, etí á sá sẹ́yìn. Mo fi ya ìyá ìyàwó mi rí. Títí dòní, wọn ò dáhùn ìkíni mi."

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Báwo lèèyàn ṣe máa sún mọ́ ọn tó, kó tó rí bẹ́ẹ̀?"

"Kó má ju apá mi yìí lọ. Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe?"

"Pálọ̀ wa kéré ni. Kò sáyè tí mo lè fà sẹ́yìn sí."

"Ẹ jẹ́ kó bọ́ síta nígbà yẹn!"

"Ìyá ẹ̀ kì í fẹ́ kó jáde. A ti sọ ọ̀kan nù."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Kò bá a jiyàn mọ́. Ó di lẹ́ńsì kúkúrú náà fún un, ó sì ṣí kọ̀ǹpútà kó lè fi ètò méjì tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe hàn án. Ọ̀kan kì í ju kó tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe. Èkejì lè fa àgbọ̀n, ó lè ti ẹyinjú jìnnà síra, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ọwọ́ kàn án.

"Èkejì," ni Bàbá Ìbejì wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń jìyà níta ò lè rí bíi ti èyí tó ń jẹun nílé."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ọlọ́run á dá a padà o."

"Àmín."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọmọ náà jókòó sórí àpótí nínú aṣọ tí ìyá rẹ̀ lọ̀. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dádì, ẹ ti sún mọ́ mi jù. Mo ń rí ara mi nínú lẹ́ńsì yẹn."

"Má mira."

"Ṣé ó máa rí i?"

"Ta ni?"

"Èkejì mi."

"Tí Ọlọ́run bá fẹ́."

Nígbà tí ọkùnrin náà ń tún àwòrán náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, Ìyá Ìbejì wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Bàbá Ìbejì, imú yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ náà fẹjú jù."

"Ìyà máa ń yí ojú ọmọdé padà, Ìyá Ìbejì. Ẹ má fi ojú èyí tó wà nílé wò ó."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló ti ń yà á látọjọ́ yìí?"

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú kọ̀ǹpútà, ó gbàdúrà pé kí Olúwa la ojú gbogbo ẹni tó bá wò ó, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá lára ọmọ òun láìdá a mọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe àmín, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde. Ìyá Ìbejì gbààwẹ̀, ó gbé fóònù lé itan bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Àwọn kan pè. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí fóònù ọkọ rẹ̀ dún ní pálọ̀, ó sáré jáde láti yàrá.

"Ṣé àwọn tó rí i ni?"

"Rárá," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹni ibi iṣẹ́ ni."

Ó padà sórí eékún rẹ̀, ọkùnrin náà sì tún ka ọ̀rọ̀ tí obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ fi ọmọ náà lé lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn kọ ránṣẹ́ sí i: "A rí àwòrán yẹn lára ògiri níbí, ọmọ náà fúnra ẹ̀ dúró wò ó, ó ní ta nìyẹn, ẹ ṣeun, kò jọ ọ́ rárá."