Ife Omi Oníbàárà Àjàṣẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Morádéyọ̀ ti lọ bá ọkùnrin tó ń ṣẹ́ sefa, owó tí wọ́n ń ná ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, lẹ́bàá ọjà láàárọ̀ yẹn. Èsì kan náà ló gbọ́: iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sefa sí náírà lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣì ń ṣẹ́ ẹ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Bí sefa bá ti dúró, Raheemah, oníbàárà rẹ̀ láti Àjàṣẹ́, á ra gàrí.

Kò sì gbọdọ̀ má rà. Gbogbo ohun tí Morádéyọ̀ ní ló fi kó gàrí wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ó kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà, òjò sì ti ń jò sí i. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ti ń dì bí amọ̀.

"Àǹtí, kóńgò yín ti di ìlọ́po méjì tèṣí o," ni Ìtùnú, oníyọ̀ tó múlé tì í, wí. "Gàrí ti kúrò ní mímu. Ẹ jẹ́ ká máa fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn."

"Ẹ̀gẹ́ wọ́n, epo ọkọ̀ wọ́n. Àmọ́ ṣé sefa wálẹ̀? Kò wálẹ̀. Panu ẹ mọ́."

Raheemah dé kó tó di ọ̀sán. Ọkọ̀ ńlá tó gbé e wá láti Àjàṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tapólì bò ó pinpin, táyà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Raheemah sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáà mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Oníbàárà mi àtàtà! O ò gbàgbé mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé yín? Ta ló kọ́ mi bí ẹ̀gẹ́ rírin ṣe ń pẹ́ nínú àpò kí gàrí tó kan bíi t'Ìjẹ̀bú?"

Morádéyọ̀ bu omi tútù fún un. Raheemah gbà á, ó dúpẹ́, kò mu ún.

"Èló ni kóńgò báyìí?"

Morádéyọ̀ dá iye rẹ̀ lé e, ó wá ń retí igbe. Raheemah rẹ́rìn-ín. Kò ná an rárá.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tà á káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde?"

"Káàkiri. Bó o dé Odogbolu, ó tún lé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sáyè nínú ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́, Ìyáà mi."

"Ìwọ náà lo máa bá mi wá àyè!" Morádéyọ̀ yíjú sí Ìtùnú. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Pe àwọn alábàárù wá fún mi."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù ná," ni Raheemah wí, ó sì juwọ́ sí awakọ̀.

Awakọ̀ tú okùn tapólì, Raheemah ki ọwọ́ bọ inú ọ̀kan nínú àwọn àpò tó kún ọkọ̀ náà dẹ́nu, ó da ẹ̀kúnwọ́ gàrí sínú ife omi tí kò mu, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Morádéyọ̀: "Ẹ tọ́ ọ wò, Ìyáà mi, iye tèṣí ni kóńgò ṣì wà lọ́dọ̀ tiwa, àpò mélòó ni kí n já fún yín?"