Nọ́ńbà Tó Ń Pe Ilẹ̀ Jáde

Wáàsí ni Sìlífátù fẹ́ gbà sórí táábù lọ́sàn-án Àlàmísì náà. Táábù ní òun ti kún. Sìlífátù kì í bá ohun tó kún jà. Ó wá èyí tó wúwo jù níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó jù ú nù. Wáàsí wọlé tán kó tó mọ̀ pé géèmù búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé ni òun jù nù, pé inú rẹ̀ ni ilé Muslimah wà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí ilé náà. Táábù wà ní ṣíṣí lórí ẹní, kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀: ilé pákó oníyàrá mẹ́ta, ó kọjú sí omi, àtẹ̀gùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọnú ọ̀sà. Ó ní, "Ọmọ yìí mà lójú inú o."

Muslimah, ọmọ Jamilah ọmọ rẹ̀, wà nílé ìwé ní Ìkòròdú. Họlidé nìkan ló máa ń gbé e wá sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ sì ní kí táábù máa gbé.

"Èmi tí mò ń kìlọ̀ fún gbogbo agbo ilé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwọn," Sìlífátù sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ yẹn?"

Ogójì ọdún ni Bàdírù fi ṣe káfíńtà ọkọ̀ ojú omi, kí àìsàn tó sọ ọwọ́ rẹ̀ di aláìlágbára. Òkèlè méjì ló tíì jẹ. Ó ti abọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ sọ̀rọ̀ nà, Bàbá Jamilah!"

"Kí ni n ó sọ? Ó ti lọ, ó ti lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Bàdírù tọ̀ ọ́ wá. Ó ní nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, pé òun gbọ́ pé nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ inú géèmù jáde.

Aládùúgbò kan bá Sìlífátù gbé géèmù náà padà sórí táábù, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i. Omi salalu ló jáde, kò sí ilẹ̀ tó tó ẹní. Muslimah pè lọ́jọ́ náà. Sìlífátù ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa, ó pa fóònù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀, ó gba Agbọ̀wà lọ sí Ìkòròdú, ó wá Ọláníyọnu tó ń tún fóònù ṣe ní Gáréèjì.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń gbá géèmù?"

"Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ ṣe ni, àbí ẹ̀fẹ̀?"

Ọláníyọnu wò ó. "Nọ́ńbà yín ò jẹ̀bi. Géèmù tuntun lẹ gbé sí i. Wọ́n ti tún un ṣe; nọ́ńbà tó mú òkè wá níjọ́sí lè mú òkun wá báyìí. Ti àtijọ́ lẹ nílò."

Ó gbé ti àtijọ́ sí i, ó tẹ nọ́ńbà. Ọ̀sà jáde, òkè jáde, igi jáde. Sìlífátù pàtẹ́wọ́.

"Ilé ńkọ́?"

"Nọ́ńbà ò mọ ilé, Màmá. Ilẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé."

Sìlífátù ní kó kọ́ òun. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé igi, bí wọ́n ṣe ń to pákó.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, orí ẹní ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ wú. Nígbà kan Bàdírù dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Fèrèsé yẹn ga jù," ó ní.

"Ẹ wò ó, ẹni tó kan ọkọ̀ fún gbogbo Ẹ̀pẹ́ tí ò kọ́ ilé kan fún ìyàwó ẹ̀, kó má kọ́ mi níṣẹ́ o!"

Bàdírù yí padà. Ó rọra bọ́ síta.

Ọjọ́ tí họlidé gbé Muslimah dé, kò tíì mumi tí Sìlífátù fi fà á jókòó. Ojú Sìlífátù wà nílẹ̀.

"Má bínú sí mi, olówó orí mi. Mo fọwọ́ mi pa ilé ẹ rẹ́. Mo tún un kọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé kò jọ ọ́."

Muslimah wo táábù. Ó wo ojú ilẹ̀kùn, níbi tí Bàdírù ti kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Màmá Ẹ̀pẹ́, èmi ò kọ́lé síbẹ̀ rí, Bàbá ló fi ìka kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ tiwọn kọ́ ọ fún ọdún méjì, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ, pé lọ́jọ́ Iléyá làwọn máa pè yín kẹ́ ẹ wá wo ilé yín."