Ẹyìn tí Òkété Kò Jẹ

Àlọ́ mi rìn títí, ó bá Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń sin Ẹlẹ́dàá.

Òkété kì í jẹ ẹyìn tí wọ́n ti fi bọ òrìṣà, èèwọ̀ ló kà á sí. Lọ́jọ́ àsè kan tí wọ́n gbé irú ẹyìn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìjọ títí Òkété fi jẹ ẹyìn náà. Ó ń kọrin lọ sílé pé:

Mo jẹ ẹ́, ọkàn mi kọ̀ ọ́,
Tere nàná.
Ìtìjú ló mú mi jẹ ẹ́,
Tere nàná.

Òkété kò wá jọ́sìn mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá a lọ sí ihò rẹ̀, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí èèwọ̀ nínú ẹyìn, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ tí mo fi ọ́ ṣe. Jọ̀ọ́, máa bọ̀.”

Òkété tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fọwọ́ kan ẹyìn níbi tí Òkété bá wà. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ẹyìn pọ̀ nígbó, Òkété kan ṣoṣo ni mo ní.”