Alábòójútó Ibùdó Àgọ́

Bíyìí, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich, kò fẹ́ràn òtútù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìdí tí ẹni tó nílé ní Thamesmead yóò fi lọ sùn nínú àgọ́. Ṣùgbọ́n Mojọláolúwa ọmọ rẹ̀ ti purọ́ níléèwé. Ó ní ìdílé òun máa ń pàgọ́ sínú igbó. Olùkọ́ bi í ní ìbéèrè díẹ̀, àṣírí tú, gbogbo kíláàsì sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà kò ti jẹun dáadáa mọ́. Bíyìí wá ṣèlérí pé nínú ìsinmi oṣù kejì, àwọn yóò pàgọ́ ní tòótọ́, ọmọ náà yóò sì mú fọ́tò rẹ̀ lọ fún wọn níléèwé.

Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fi fóònù gba àyè sílẹ̀ ní ibùdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ní Abbey Wood. Àwọn ará ibùdó náà ní kí wọ́n gba géètì kékeré tó wà lẹ́yìn ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí àwọn tó ń rìn nínú igbó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán Friday, wọ́n rí géètì kékeré. Wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé.

Ibẹ̀ dára ju bí Bíyìí ṣe rò lọ. Wọ́n gé koríko rẹ̀ dọ́gba. Omi ẹ̀rọ wà, bẹ́ńṣì wà, wọ́n tilẹ̀ ta okùn tí èèyàn lè sá aṣọ sí. Kò sí àgọ́ mìíràn.

"Daddy, are you sure pé ibí ni?" ni Mojọláolúwa bi í.

"Ṣé o rí ẹni tó ń lé wa ni? Òtútù yìí ló lé àwọn tó kù sílé."

Ó kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn òdòdó.

Wọn ò tíì dín dòdò tán tí òyìnbó àgbàlagbà kan fi jáde láti inú ilé bíríkì tó wà níwájú. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú ife tíì lọ́wọ́. Ó wo àgọ́. Ó wo okùn tí Fọlákẹ́ ti sá táwẹ́ẹ̀lì sí.

"Warden tó ń bójú tó ibí nìyẹn," ni Fọlákẹ́ wí. "Daddy Mojọlá, mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má dín dòdò níta. Smell ẹ̀ ti dé office wọn."

Mojọláolúwa wo bàbá rẹ̀. "Ṣé wọ́n máa lé wa ni?"

Bíyìí dìde. Ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ní Agége kì í jẹ́ kí àlejò sọ ohun tó bá wá kó tó jẹun, pàápàá àlejò tó bá fajú ro. Ó nu bẹ́ńṣì.

"Ẹ forí jì mí," ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, "mo rò pé—"

"Ẹ jókòó ná, sir. Ọ̀rọ̀ ò lọ síbì kankan."

Fọlákẹ́ ti bu ìrẹsì, dòdò àti ẹran ewúrẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bu síbí kan. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ata. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì bu òmíràn.

"Mo kàn fẹ́ béèrè pé—"

"Ẹ jẹ ẹran yẹn ná, sir."

Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Nígbà tí àwo fi máa mọ́, ó ti sọ fún wọn pé Gerald lorúkọ òun, pé ìyàwó òun wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, àti pé eékún ń dun òun. Ohun tó gbé e wá nìkan ni kò rí sọ. Bí ó ti tún fẹ́ lanu, Mojọláolúwa béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Gerald wo ọmọ náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì nawọ́ sí ilé bíríkì náà.

Fọlákẹ́ tó bá a lọ padà pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

"Ìjọba ibí mà ń gbìyànjú o! Toilet inú igbó, wọ́n tẹ́ carpet sí i!"

Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n mọ́jú. Láàárọ̀, Gerald tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó le ojú bí ẹni tó ti tún ọ̀rọ̀ sọ níwájú dígí. Àkàrà ṣì wà nínú epo, kò tíì jinná. Ẹ̀rù ba Bíyìí.

Kí Gerald tó sọ̀rọ̀, Mojọláolúwa kúnlẹ̀, ohun tí kì í ṣe nílé bí wọn ò bá pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ má tíì lé wa. A ò tíì ya fọ́tò. Òpùrọ́ ni wọ́n ń pè mí níléèwé."

Gerald wò ó títí. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

"Gbé fóònù yẹn wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló yà wọ́n. Ó ní kí wọ́n yọ táwẹ́ẹ̀lì lórí okùn, kí wọ́n sún sápá òsì, kí igi igbó nìkan lè hàn lẹ́yìn wọn. Fọ́tò náà dára débi pé Mojọláolúwa bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì ní ebi ń pa òun. Òun àti Gerald ni wọ́n jọ jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkàrà náà.

Nígbà tí wọ́n di ẹrù tán, Fọlákẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bọ Gerald lọ́wọ́.

"Ọlọ́run á bù kún yín, sir. A ò rí warden tó dáa báyìí rí. Tó bá di Easter, gbogbo choir ṣọ́ọ̀ṣì wa la máa kó wá. Ẹ ṣáà bá wa tọ́jú àyè yìí."

Gerald la ẹnu, ṣùgbọ́n àkàrà wà níbẹ̀. Ó mi orí pé ó dáa.

Ọkọ̀ wọn kò tíì kọjá igbó tán tí Gerald fi pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, tó rọra ṣàlàyé fún un pé ibùdó àgọ́ ṣì wà ní géètì kejì níbi tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n pé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan láti Woolwich ń bọ̀ wá pàgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé àwọn nígbà ọdún Àjíǹde.